Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìfọ́kúta gé ìka àbúrò mi, kọńtírátọ̀ ní kó fọwọ́ síwèé. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Mùbárák, Ìlọrin

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣe lébìrà ní kúwárì kan nítòsí Ìlọrin níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òkúta há sábẹ́ bẹ́líìtì tó ń gbé gírànáìtì jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Wọn kò pa ẹ̀rọ náà. Súpáfáísọ̀ ní kó yọ òkúta yẹn kíákíá torí àwọn tírélà ti tò sílẹ̀. Bó ṣe nawọ́ síbẹ̀ ni bẹ́líìtì fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wọlé. Ìka méjì lọ nínú ọwọ́ ọ̀tún, ẹ̀kẹta kò ṣeé ká mọ́.

Kọńtírátọ̀ tó gbà á síṣẹ́ ló sanwó ọsibítù ọjọ́ àkọ́kọ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ lánàá ló gbé ìwé kan wá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àbúrò mi ti gba owó ìrànlọ́wọ́, kò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́ láéláé. Owó ọ̀hún kò tó ohun tó ń rí láàárín oṣù méjì. Ó ní bí kò bá fọwọ́ sí i, kò ní rí kọ́bọ̀, torí kò ní lẹ́tà iṣẹ́, owó ojúmọ́ ni wọ́n ń san fún un. Bàbá wa ní ká gbà á, ká fi ìyókù sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bá wa dá sí i.

Awakọ̀ Típà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Mùbárák. Ọlọ́run á wo ọwọ́ náà sàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó òkúta ní kúwárì, irú ìwé yẹn kò ṣàjèjì sí mi. Ẹ gba owó yẹn. Ẹni tí kò ní lẹ́tà iṣẹ́ kò sí nínú ìwé ilé iṣẹ́, ẹ kò lè bá wọn jà. Mo mọ ọmọkùnrin kan tí igi ẹ̀rọ já lù lẹ́sẹ̀, tó ní òun kò gba owó. Kò rówó, wọn kò sì pè é síṣẹ́ mọ́. Ẹ̀dùn ọkàn ló jẹ́ fún mi láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n aboyún wà nílé, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun.

Lọ́yà Ọ̀ffà

Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Mùbárák. Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé yẹn. Bó bá sì ti fọwọ́ sí i kí ẹ tó ka èyí, ẹ má bọkàn jẹ́, torí òfin kò gbà kí òṣìṣẹ́ bá ọ̀gá rẹ̀ ṣe àdéhùn pé òun yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ òun lórí ìfarapa ẹnu iṣẹ́.

Awakọ̀ Típà, ohun tí ojú yín rí ni ẹ sọ, mi ò bá yín jiyàn pé ó ń ṣẹlẹ̀. Àmọ́ lórí ti lẹ́tà iṣẹ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ kọ́ lòfin wí. Employees' Compensation Act ti ọdún 2010, òfin owó ìfarapa òṣìṣẹ́, ni òfin tó wà nílẹ̀ báyìí. Lójú òfin yẹn, òṣìṣẹ́ ni ẹnikẹ́ni tí wọ́n gbà síṣẹ́, yálà wọ́n kọ̀wé fún un tàbí ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà á, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ gbére, iṣẹ́ ìgbà díẹ̀, iṣẹ́ ojúmọ́ tàbí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Lébìrà tí wọ́n ń ka owó lé lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ wà nínú rẹ̀ gbangba.

Àpò kan wà lọ́dọ̀ NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund), àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ní ọ́fíìsì ní Ìlọrin. Gbogbo agbanisíṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò yẹn. Kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Ibẹ̀ ni owó ìtọ́jú ti ń jáde, ibẹ̀ ni owó ẹ̀yà ara tó bá sọnù ti ń jáde, ibẹ̀ náà ni ti ìdílé ẹni tó bá kú. Opó tó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ọkọ rẹ̀ ló yẹ kó máa gbà lóṣooṣù. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikú la ń sọ. Mo fẹ́ kí ẹ rí bí ohun tí wọ́n ń fi owó táṣẹ́rẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn ìdílé ṣe tó ni.

Wọn kì í sì í béèrè pé ta ló jẹ̀bi. Kí ẹnikẹ́ni má fi dẹ́rù bà yín pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ ẹ̀rọ.

Ọjọ́ ni kí ẹ ṣọ́. Òfin fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ tàbí súpáfáísọ̀ pé òun farapa. Ẹ kọ lẹ́tà lónìí, kódà bí wọ́n bá ti mọ̀. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ẹ̀rọ wo ni, ẹ̀yà ara wo ló bà jẹ́, ta ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ kọńtírátọ̀ àti orúkọ ilé iṣẹ́ tó ni kúwárì sí i pọ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà yín. Ọjọ́ 7 ni ọ̀gá ní láti fi tó NSITF létí. Ìbéèrè owó fúnra rẹ̀ ní ọdún kan gbáko.

Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ yẹn ló wà lọ́kàn mi. Ìyá Mùbárák, ṣé wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ìpá, ìyẹn tetanus? Ibi òkúta àti girísì, ojú egbò máa ń dọ̀tí gan-an, ìpá kì í sì í ṣeré. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn lónìí. Bí ìka tó kù bá ń dúdú, tó tutù, tó ń rùn, tàbí tí ibà bá dé, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, ẹ gbé e padà lọ.

Mo bẹ̀ yín pẹ̀lú, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, ẹ má gbà nígbà tí egbò ṣì ṣí sílẹ̀. Mo mọ iyì tí wọ́n ní láàárín wa. Àmọ́ igi tí wọ́n bá dì le koko mọ́ ọwọ́ tó ń wú ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ìka, ìka a kú, nígbà mìíràn gbogbo ọwọ́ la ó gé.

Fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́wọ́: bí ẹ̀rọ bá gé ìka já, ẹ wá ìka náà. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ fi omi tútù díẹ̀ pọn wé e, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ di ẹnu ọ̀rá, kí ẹ tó wá gbé ọ̀rá yẹn sórí yìnyín. Kí yìnyín má fara kan ẹran ara. Ẹ gbé ẹni náà àti ìka rẹ̀ lọ pa pọ̀, sí ibi tí dókítà oníṣẹ́ abẹ wà. Fún ẹ̀jẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú egbò mọ́lẹ̀ gírígírí, ẹ gbé ọwọ́ náà sókè. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má da iyẹ̀pẹ̀ tàbí ewé gígún sí i.

Ọmọ Òmù-Àrán

Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn ni mo ti lo ọjọ́ orí mi kí n tó padà wálé. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ibi tó ń dun mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí: wọn kò pa ẹ̀rọ.

Kò sí ohun tó há sí bẹ́líìtì tó ṣòro yọ bí ẹ̀rọ bá ti kú. Bẹ́líìtì lè sáré mítà kan tàbí méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ọpọlọ tó sọ fún ọwọ́ pé kó padà, ọwọ́ ti wà lábẹ́ rólà. Ibi tí bẹ́líìtì àti rólà ti pàdé, kò sí ọkùnrin alágbára tó lè fa ara rẹ̀ yọ níbẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tó tóbi ju ọwọ́ lọ sì ń bá bẹ́líìtì fà á ni.

Ní ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe é dáadáa, ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ máa ń lọ síbi iná rẹ̀ fúnra rẹ̀, á pa á, á fi àgádágodo tirẹ̀ tì í, kọ́kọ́rọ́ á wà nínú àpò rẹ̀, orúkọ rẹ̀ á sì wà lára káàdì tó so mọ́ ọn. Bí ènìyàn mẹ́ta bá fẹ́ wọlé, àgádágodo mẹ́ta. Lẹ́yìn náà á tẹ bọ́tìnì ìtanná wò bóyá ẹ̀rọ á dìde. Ìgbà tí kò bá dìde ló tó fọwọ́ kàn án. Okùn kan tún máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹni tó bá fà á, bẹ́líìtì dúró lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè mi fún kúwárì yẹn ni pé níbo ni okùn wọn wà? Níbo ni irin tó yẹ kó bo rólà wà? Àgádágodo kan kò tó owó epo tí ẹ̀rọ yẹn ń jó láàárín wákàtí kan.

Nílé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, iná ló ń bà wá lẹ́rù ju bẹ́líìtì lọ. Ààrò ńlá tí wọ́n ti ń sun òkúta ẹfun pọ̀ mọ́ amọ̀ máa ń gbóná tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kí lẹ́búlẹ́bú yẹn tó dé inú ààrò, ilé gogoro kan wà tó ń gbà kọjá, ooru ń pàdé rẹ̀ lọ́nà. Nígbà mìíràn á dì síbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á gòkè lọ ṣí ihò, wọn á fi irin gígùn àti atẹ́gùn gún un. Bó bá já lójijì, lẹ́búlẹ́bú tó gbóná ju 800 lọ a tú jáde, a sì máa ṣàn bí omi. Mo ti bá wọn gbé ẹni tó jó sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn ilé gogoro yẹn. Lébìrà kọńtírátọ̀ lòun náà. Aṣọ tó yẹ kí ó wọ̀ fún iṣẹ́ yẹn wà nínú sítọ́ọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó ní lẹ́tà ni wọ́n ń fún.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo wa gbé wò nìyẹn. Iṣẹ́ tó léwu jù ni wọ́n ń kó fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù, ẹni tí kò sí nínú ìwé, lẹ́yìn náà wọ́n á ní torí pé kò sí nínú ìwé, kò lẹ́tọ̀ọ́.

Alájà Kúwárì

Èmi náà ń gba iṣẹ́ kọńtírátì. Mo ń ka ohun tí ẹ ń kọ, ó ń dùn mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká sọ gbogbo rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni kúwárì á fún wa ní iye tọ́ọ̀nù tí a gbọ́dọ̀ fọ́ lójúmọ́, bí a kò bá bá a, wọn á gé owó wa. Iye tí wọ́n ń san kò sì ka owó ìbọ̀wọ́, bùútù àti NSITF mọ́ ọn. Kọńtírátọ̀ tó bá fi gbogbo rẹ̀ kún owó tó bù fún wọn kò ní rí iṣẹ́ gbà, ẹlòmíràn á bù ú kéré sí i. Mo ti forúkọ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sílẹ̀ ní NSITF báyìí, ó ná mi lówó, mo sì ti pàdánù iṣẹ́ kan nítorí rẹ̀. Ìwé tí wọ́n gbé wá fún ọmọkùnrin yẹn kò dára, mi ò ní gbè sẹ́yìn ẹni tó kọ ọ́. Àmọ́ bí ẹ bá dá kọńtírátọ̀ nìkan lẹ́bi, àwọn tó ni àpáta á jókòó sílé, wọn ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Lọ́yà Ọ̀ffà

Alájà Kúwárì, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n kọ orúkọ méjèèjì sínú lẹ́tà. Bí kọńtírátọ̀ kan bá sì wà tí kò san kọ́bọ̀ rí fún NSITF, gbèsè tirẹ̀ nìyẹn. NSITF lágbára láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Mùbárák, Ìlọrin

Kí Ọlọ́run san yín lẹ́san. Mo kà á fún Bàbá wa títí dé òpin, wọ́n ní ká má fọwọ́ sí i mọ́. Wọ́n ti gún abẹ́rẹ́ ìpá fún un, Nọ́ọ̀sì, mo rí i nínú káàdì. Ìṣòro tó kù: súpáfáísọ̀ ti ń sọ kiri pé òun kò rán an níṣẹ́ yẹn. Àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ń bẹ̀rù, wọn kò fẹ́ kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Kí la ó fi ṣe ẹ̀rí?

Lọ́yà Ọ̀ffà

Ẹ má fipá mú wọn. Ẹ wo foonu rẹ̀: ìpè ọ̀gá láàárọ̀ tó ń pè é síṣẹ́, owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí báńkì rẹ̀, fọ́tò tó yà níbi iṣẹ́, ìfiránṣẹ́ WhatsApp ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́. Káàdì ọsibítù tí wọ́n kọ ohun tó ṣe é àti ọjọ́ tó dé sí ṣe pàtàkì jù. Ẹ sọ fún dókítà kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ ló gé e. Rìsíìtì owó ọsibítù tí kọńtírátọ̀ san pàápàá jẹ́ ẹ̀rí pé ó mọ̀. Ìwé tó gbé wá náà, ẹ yà á ní fọ́tò. Ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀ kò ní gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá. Súpáfáísọ̀ lè sọ ohun tó bá wù ú, mo ti sọ ọ́ pé NSITF kò ní béèrè ẹ̀bi.

Awakọ̀ Típà

Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n béèrè fún ara wa. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi dáínámáìtì fọ́ àpáta, a máa ń wà nínú ọkọ̀ lórí ìlà. Wọ́n á fun fèrè, ṣùgbọ́n òkúta ń fò dé ọ̀dọ̀ wa. Gíláàsì ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi fọ́ yángá. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Ọmọ Òmù-Àrán

Rárá o. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló yẹ kí ó fọwọ́ kan dáínámáìtì. Kí fèrè tó dún rárá, wọ́n gbọ́dọ̀ ti kó gbogbo ènìyàn kúrò ní àyíká, kí àsíá pupa wà lójú ọ̀nà, kí ẹnìkan dúró sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Bí òkúta bá ń dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ sún mọ́ ọn jù, tàbí wọ́n ki dáínámáìtì jù, tàbí ihò kò jìn tó. Ẹ̀yin awakọ̀ ẹ kó ara yín jọ, kí ẹ ní ẹ kò ní wọlé lọ́jọ́ yẹn títí wọn á fi fun fèrè pé ó ti parí. Kí ẹnikẹ́ni má sì sáré lọ wo ihò tí kò bú. Òun náà ń pa ènìyàn. Ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìwakùsà wà ní Ìlọrin, ẹ lè gbé ẹjọ́ lọ síbẹ̀.

Ọmọ Ìgbájà

Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lẹ ń sọ. Eruku ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ló ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò sí àpáta. Ó ń wú ikọ́ láti ìgbà pípẹ́, ó ti rù, kò lè gun òkè kékeré mọ́ kó má mí hẹlẹ. Wọ́n ní ikọ́ ife ni, ó lo oògùn náà parí, kò sí ìyàtọ̀. Ilé ń sọ pé wọ́n fi nǹkan ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́

Àbúrò mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, bíi UITH, ọsibítù Yunifásítì Ìlọrin, kí wọ́n yà á ní ẹ̀sírè àyà, kí ẹ sì sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún dókítà lẹ́nu àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í sọ ọ́, dókítà náà kì í béèrè nígbà mìíràn.

Gírànáìtì ní sílíkà nínú. Bí wọ́n bá lù ú tàbí tí wọ́n fọ́ ọ, eruku rẹ̀ tó ṣe wá lára jù ni èyí tí ojú kò lè rí. Èyí tó ń funfun lórí aṣọ, imú lè dá a dúró. Ìyẹn tó kéré jù yẹn ló ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ, tí kì í jáde mọ́. Ẹ̀dọ̀fóró á máa dá àpá yí i ká títí yóò fi le. Silicosis ni wọ́n ń pè é. Ó lè gba ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó hàn, ṣùgbọ́n bí eruku bá pọ̀ púpọ̀, kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kò sí oògùn tó ń yọ ọ́. Ẹni tó ní i sì rọrùn fún ikọ́ ife láti mú, ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi máa ń dàrú mọ́ra lójú ẹ̀sírè. Ẹ̀gbọ́n yín lè ní méjèèjì. Àyẹ̀wò ikọ́ ife àti oògùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò.

Kí ó fi iṣẹ́ eruku sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá ń mu sìgá, kí ó dá a dúró. Kò sí ẹni tó fi nǹkan ṣe é, àbúrò mi, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará ilé.

Lọ́yà Ọ̀ffà

Mo fẹ́ fi kún un pé àìsàn tí iṣẹ́ bá fà wà nínú òfin 2010 yẹn, kì í ṣe egbò nìkan. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà tó bá sọ pé eruku iṣẹ́ ló fà á. Ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀.

Ìyá Sàdíà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Àwa obìnrin tí a ń fi òòlù fọ́ òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, tí àwọn bíríkìlà ń wá rà, ṣé a wà nínú òfin yìí? Kò sẹ́ni tó gbà wá síṣẹ́. Òkúta ta sójú ẹnìkejì mi, ojú yẹn kò ríran mọ́. A máa ń gbé àwọn ọmọ wa dání.

Lọ́yà Ọ̀ffà

Ìyá Sàdíà, mi ò ní parọ́ fún yín. Òfin yẹn ń wá ọ̀gá tó gba ènìyàn síṣẹ́, ẹ̀yin kò sì ní. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ló ń kó òkúta wá, tó ń san owó fún yín lórí iye agbọ̀n, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀, ẹ jẹ́ ká wò ó. Bí ẹ bá dá a ṣe fúnra yín, ẹ kó ara yín jọ ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí ẹ máa dá owó díẹ̀ sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́

Ìyá Sàdíà, ẹ ra awò ojú tí àwọn wẹ́dà ń lò, èyí tí gíláàsì rẹ̀ mọ́ gaara, tó sì bo ẹ̀gbẹ́ ojú. Ẹ máa da omi sórí òkúta kí ẹ tó lù ú, kí ó máa tutù títí ẹ ó fi ṣíwọ́, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ jókòó kí afẹ́fẹ́ máa gbé eruku kúrò lọ́dọ̀ yín. Aṣọ tí a fi ń bo imú kò dá eruku tó kéré jù yẹn dúró. Ìbòmú N95 ló lè gbà á, òun náà kì í ṣe èyí tí a ó máa lò di oṣù. Ẹ má gbé àwọn ọmọ wá síbẹ̀ mọ́ bí ọ̀nà bá wà. Bí kò bá sí, kí wọ́n wà lẹ́yìn yín ní ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kí wọ́n jìnnà, kí ẹ sì bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí ẹ tó gbé wọn.

Bí èéfọ́ òkúta bá wọ ojú, ẹ má ra á, ẹ má fa á yọ bí ó bá ti gún ẹyinjú. Ẹ fi ife mímọ́ bo ojú náà, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí ó bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì ló wọ ọ́, omi mímọ́ ni, fún ogún ìṣẹ́jú láìdáwọ́ dúró, kí ẹ tó gbéra. Ẹ má fi omi ọmú tàbí epo sí i.

Ìyá Sàdíà

A gbọ́, Nọ́ọ̀sì. Èmi àti àwọn mẹ́rin tí a jọ ń jókòó ti dá owó awò ojú jọ. Lọ́yà, ọkùnrin kan ló ń fi típà já òkúta fún wa lóòótọ́, òun náà ló ń kó o lọ, agbọ̀n ló fi ń san wá. Ìgbà wo ni ká wá rí yín?

Lọ́yà Ọ̀ffà

Ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé, kí gbogbo yín wá. Ẹ bá mi mú ìwé tí ẹ fi ń kọ iye agbọ̀n sílẹ̀ dání, ìbáà jẹ́ ara páálí ni ẹ kọ ọ́ sí.